Kí Orin Má Pa Ọ̀rọ̀ Jẹ: Ìtàn Ẹkúndayọ̀ Phillips, Olùkọ́ Orin Ìjọ

Ìtàn la gbé wá lónìí, kì í ṣe ìwàásù, àmọ́ ẹni tó bá fetí sílẹ̀ á rí ìwàásù mú nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn kọ "Àmín" sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ sì kọjá lọ. Ẹ fara balẹ̀ kà á, pàápàá ẹ̀yin olórí akọrin, ẹ̀yin ọmọ wa tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, àti ẹ̀yin alàgbà tí àpò ìjọ wà lọ́wọ́ yín.

Ohun tó bí ọ̀rọ̀ yìí ni pé àsìkò ìkórè ti ń sún mọ́lé. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ yìí, ẹ̀rọ ni ìgbìmọ̀ ń jíròrò lé lórí: gbohùngbohùn ńlá, kíbọ́ọ̀dù tuntun, ìlù òyìnbó. A kò bá ẹ̀rọ jà. Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ́ àwọn tó máa lò ó? Ta ló ń kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣe orin tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á yé ìyá àgbà tó jókòó sẹ́yìn? Ọkùnrin kan wà tó fi nǹkan bí àádọ́ta ọdún dáhùn ìbéèrè yìí. Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1884, ó sì kú ní 1969. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń kọrin Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ oko tó ro sílẹ̀ la ń jẹ nínú rẹ̀.

DÒ, RE, MÍ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa mọ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà kọ́ wa pé ohùn mẹ́ta ni èdè Yorùbá ní: dò ni ohùn ìsàlẹ̀, re ni ohùn àárín, mí ni ohùn òkè. Orúkọ ìlú wa, Ìkọ̀yà, dò dò dò ni. Ìkálẹ̀, dò mí dò. Òkìtìpupa, dò dò dò re re. Bí àjèjì bá dé gáréèjì tó pe Ìkálẹ̀ ní mí dò mí, dírẹ́bà á wò ó lójú ni. Kò ní mọ ibi tó ń lọ.

Nínú èdè wa, ohùn ló ń sọ ìtumọ̀. Ọ̀run, dò re, ibi tí Baba wa wà nìyẹn. Ọrùn, re dò, ibi tí a ń fi ìlẹ̀kẹ̀ sí nìyẹn. Ogun, re re, ni ìjà. Ogún, re mí, ni ohun tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ẹ̀jẹ̀, dò dò, ni ohun tí Jésù ta sílẹ̀ lórí àgbélébùú. Ẹ̀jẹ́, dò mí, ni ohun tí Hánà jẹ́ ní Ṣílò nígbà tó ń tọrọ ọmọ.

Ó dáa. Orin náà ní ohùn tirẹ̀, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kó wà nísàlẹ̀? Bí a bá fi orin tó ń gòkè kọ "ẹ̀jẹ̀", etí á gbọ́ "ẹ̀jẹ́". Ẹnu wa ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù, etí àlejò tó jókòó láàárín wa ń gbọ́ pé ẹ̀jẹ́ ló ń wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù. Ẹ̀yin ará, ẹ̀kọ́ mìíràn pátápátá nìyẹn! Pásítọ̀ lè wàásù oore-ọ̀fẹ́ fún wákàtí kan, kí orin ìparí sì tú u palẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ṢE DI ÈYÍ

Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì dé Bádágìrì àti Abẹ́òkúta ní àwọn ọdún 1840, wọ́n mú Bíbélì wá, wọ́n sì mú ìwé orin wá pẹ̀lú. Ajàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí Bíbélì Yorùbá, tó bẹ́ẹ̀ tí a ṣì ń jẹ èrè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kíkà rọrùn díẹ̀ ju orin lọ, nítorí ẹni tó ń kà á á fi ohùn tirẹ̀ pè é bó ṣe yẹ. Orin ni wàhálà wà. Wọ́n tú ọ̀rọ̀ orin òyìnbó sí Yorùbá, ṣùgbọ́n wọn kò yí ohùn orin náà padà. Wọ́n ka iye sílébù kí ó lè bá ohùn orin mu, wọn kò wo dò re mí ọ̀rọ̀.

Ìṣòro míì tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í rò. Orin ìwé máa ń ní ẹsẹ mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà. Ohùn kan ṣoṣo ni gbogbo ẹsẹ yẹn ń lò. Bí ẹ bá tiẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tó bá ohùn mu ní ẹsẹ kìíní, ẹsẹ kejì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, dò re mí tirẹ̀ sì yàtọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ìṣòro yìí, nítorí bí o bá gbé ohùn sókè tàbí o rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ọ̀rọ̀ náà ni á ṣì jẹ́. Àwọn tó tú orin wọ̀nyẹn kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ẹ̀wù tí wọ́n rán fún ẹlòmíì ni wọ́n fẹ́ fi wọ̀ wá.

Kí ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn tó parí, àwọn onígbàgbọ́ aláwọ̀ dúdú ní Èkó ti ń sọ pé ìjọ gbọ́dọ̀ ní ojú tiwa. Ní 1888 ni àwọn kan yọ kúrò lára Onítẹ̀bọmi láti dá Native Baptist Church sílẹ̀. Ní 1891, United Native African Church bẹ̀rẹ̀. Ní 1901, àwọn kan jáde kúrò ní St. Paul's, Breadfruit, wọ́n dá African Church sílẹ̀. Àwọn ìjọ wọ̀nyí fàyè gba orin tí a fi Yorùbá rò. Ní Abẹ́òkúta, Reverend J. J. Ransome-Kuti, ẹni tí wọ́n bí ní 1855, ń fi ohùn orin ìbílẹ̀ Ẹ̀gbá yin Olúwa. Ní 1922 ó kọ orin 43 sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá bàbá Fẹlá Aníkúlápó ni.

Nítorí náà, Phillips kọ́ ló kọ́kọ́ rí ìṣòro náà. Òun ló jókòó tì í, tó fi ẹ̀kọ́ wá ìdí rẹ̀, tó sì kọ́ àwọn ẹlòmíì.

ỌMỌ BÍṢỌ́Ọ̀BÙ OǸDÓ

Ẹ̀yin ará ìpínlẹ̀ wa, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Bàbá rẹ̀ ni Charles Phillips, tó gbé ìhìn rere lọ sí Òde Oǹdó ní 1877. Ọ̀nà omi ọ̀sà láti Èkó, tó gba ìhà tiwa níbí wọ inú igbó lọ sí Oǹdó, ni wọ́n ń tọ̀ nígbà yẹn. Charles Phillips yìí kan náà wà lára àwọn tí gómìnà Èkó rán sí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ láti parí Ogun Kírìjì ní 1886. Òun àti Samuel Johnson tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá ni wọ́n jọ rìn ín. Ní 1893 wọ́n fi òun àti Isaac Olúwọlé jẹ bíṣọ́ọ̀bù.

Ilé irú bàbá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti bí Ẹkúndayọ̀. Ó lọ sí CMS Grammar School ní Èkó, ó kọ́ dùùrù, ó sì di atẹdùùrù ní St. Paul's, Breadfruit. Ní 1911 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ́ dùùrù, dùùrù pianó àti fáólìn. Ní 1914, ọdún tí Lugard so Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù, ó padà sílé. Ó lè dúró sí Lọ́ńdọ̀nù kó máa jẹ orúkọ, àmọ́ ó padà wá. Wọ́n fi í ṣe atẹdùùrù àti ọ̀gá orin ní Christ Church, Marina, èyí tó di Kàtídírà lẹ́yìn náà. Kò kúrò níbẹ̀ títí di 1962.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ọdún 48. Ìjọ kan, iṣẹ́ kan. Gómìnà òyìnbó ń wá, wọ́n ń lọ. Ogun àgbáyé méjì jà, wọ́n parí. Nàìjíríà gba òmìnira. Ọkùnrin yìí ṣì ń kọ́ àwọn ọmọdékùnrin ní sólífà.

OHUN TÓ KỌ́ WỌN

Ẹ má rò pé ó kó orin òyìnbó dànù. Rárá o. Àwọn akọrin rẹ̀ kọ orin Bach, wọ́n kọ ti Handel, wọ́n sì mọ̀ ọ́n kọ dáadáa. Ó ka orin lórí ìwé ní pípé, ó sì fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè kà á. Ní 1932, Kàtídírà náà rí dùùrù ńlá olópòó tuntun gbà lábẹ́ rẹ̀. Ó kọ orin fún dùùrù náà fúnra rẹ̀, tó gbé ka orí orin ìbílẹ̀. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe aláìmọ̀kan tó ń bínú sí òyìnbó. Ó mọ iṣẹ́ wọn dé ìdí, ìdí nìyẹn tó fi lè sọ ibi tí kò ti bá wa mu.

Nínú orin tó kọ fún ìjọ ní Yorùbá, títí kan Sáàmù 121, ohùn ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ ń wò. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gòkè, orin á gòkè. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti sọ̀ kalẹ̀, orin á tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ ni ọkọ, orin ni ìyàwó tó ń bá a rìn. Ní 1953, ẹgbẹ́ African Music Society ní Johannesburg tẹ ìwé rẹ̀ jáde, Yoruba Music. Kókó ìwé náà ni pé nínú orin Yorùbá, ọ̀rọ̀ sísọ àti orin kíkọ ti yọ́ mọ́ ara wọn. Ó tún ṣàlàyé pé orin ilẹ̀ wa máa ń dúró lórí ohùn márùn-ún dípò méje tí orin òyìnbó ń lò. Ó tó ẹni ọdún 69 nígbà tí ìwé yìí jáde. Ogójì ọdún iṣẹ́ ló wà nínú ìwé pẹlẹbẹ yẹn.

Ìṣòro kan tó ṣì ń yọ akọrin lẹ́nu títí dòní nìyí. Nígbà tí ohùn mẹ́rin bá ń kọrin pọ̀, bí a ti ń ṣe, òfin òyìnbó fẹ́ràn kí ohùn kan máa lọ sókè nígbà tí òmíràn ń lọ sísàlẹ̀. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n bí ohùn obìnrin bá ń sọ "ọ̀run", tí ohùn ọkùnrin nísàlẹ̀ sì ń lọ lódì sí i, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ "ọrùn" ni wọ́n ń sọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ṣe orin Yorùbá fi ní láti mọ ìgbà tí ohùn máa rìn papọ̀ sókè sódò, àti ìgbà tí gbogbo ènìyàn máa kó ohùn kan ṣoṣo lẹ́nu. Kíbọ́ọ̀dù kò lè kọ́ ọmọ ní èyí. Ènìyàn ló ń kọ́ ènìyàn.

JÁMÁNÌ NÁÀ RÍ IRÚ RẸ̀

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ Yorùbá nìkan ni. Rárá o. Àwa tí a ka díẹ̀ nínú ìtàn ìjọ mọ̀ pé Martin Luther jà irú ìjà yìí ní Jámánì. Ní 1525, nígbà tí àwọn èèyàn ń rọ̀ ọ́ kó tètè yí ìsìn Látìn sí èdè Jámánì, ó ní kì í ṣe kí a kàn tú ọ̀rọ̀ nìkan, kí a sì fi í sábẹ́ ohùn orin Látìn. Ó ní ọ̀rọ̀ àti ohùn, àti bí a ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti inú èdè ìyá jáde. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ní ìṣe ọ̀bọ ló jọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1526, ló tẹ ìsìn tirẹ̀ ní èdè Jámánì jáde, lẹ́yìn tó ti pe àwọn tó mọ orin dájú láti bá a ṣe é.

Nígbà tó fi máa tó nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn náà, Bach dé. Ó di olórí orin ní ìlú Leipzig ní 1723, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí ó fi kú ní 1750, ọdún 27. Lára iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ St. Thomas ní orin, àwọn ọmọ tí ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ràn. A ń fi orúkọ Bach yangàn lónìí nítorí orin rẹ̀. Àwọn tó gbà á síṣẹ́ ní Leipzig, olùkọ́ ni wọ́n ń wá. Phillips ti Èkó rin ọ̀nà kan náà, ó sì fi ọdún 21 ju ti Bach ní Leipzig lọ.

ÀWỌN ỌMỌ TÓ JÁDE LẸ́SẸ̀ RẸ̀

Igi kì í fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn, èso ló ń sọ ọ́. Ẹ wo èso ọkùnrin yìí.

Fẹlá Ṣówándé, tí wọ́n bí ní 1905, kọrin lábẹ́ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba oyè Fellow ní Royal College of Organists ní 1943. African Suite rẹ̀ jáde ní 1944. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, orin Folk Symphony rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ṣàjọ̀dún.

Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí wọ́n bí ní Jọ́ọ̀sì ní 1935, kọrin níbẹ̀ nígbà ọmọdé. Ó di atẹdùùrù ní Clare College, Cambridge, ó padà wá kọ́ni ní Yunifásítì Èkó. Ọdún 41 péré ló lò láyé kí wọ́n tó pa á ní 1976, síbẹ̀ orin Yorùbá tó fi sílẹ̀ kò kéré.

Christopher Oyèsìkù, tí ohùn rẹ̀ jinlẹ̀ bí kànga, kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin yẹn. Samuel Akpabot pẹ̀lú, tó kì í ṣe ọmọ Yorùbá rárá, ọmọ ìhà tí à ń pè ní Akwa Ibom lónìí, kọrin níbẹ̀ lọ́mọdé, ó sì padà di ọ̀mọ̀wé tó ń fi ohun èlò orin ìbílẹ̀ kọ orin. Ẹ̀kọ́ tó bá tọ́ á sọ aládùúgbò náà di ọmọ ilé.

Nígbà tí Phillips fẹ̀yìn tì ní 1962, ọmọ rẹ̀, Charles Olúwọlé Ọbáyọ̀mí Phillips, ló gba ipò náà, òun náà wà níbẹ̀ títí di 1992. Ọdún 30. Bí a bá pa ti bàbá àti ti ọmọ pọ̀, ọdún 78 ni ìdílé kan fi di iṣẹ́ orin mú nínú ìjọ kan. Ní 1964, Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka fi oyè ọ̀mọ̀wé dá bàbá lọ́lá.

ÀWỌN TÓ MÁA TA KÒ WÁ

A mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé: "Pásítọ̀, àwọn ìyá wa fi orin ìwé wọ̀nyẹn gbàdúrà títí wọ́n fi sùn nínú Olúwa. Ṣé Ọlọ́run kò gbọ́ wọn ni?" Ó gbọ́ wọn. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni sun ìwé orin. Ẹni tó ti mọ orin náà tẹ́lẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ń wí, kódà bí ohùn bá dà á rú. Àmọ́ ẹ rántí ẹni tó ń wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́. Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé kí wọ́n fi ẹ̀mí kọrin, kí wọ́n sì fi òye kọ ọ́. Ó ní bí fèrè bá fọ ohùn tí kò dájú, ta ló máa múra ogun? Ẹni tí kò mọ̀ ni Pọ́ọ̀lù ń rò.

Àwọn mìíràn á sọ pé, "Àwa Pẹntikọ́sítì kò nílò ẹ̀kọ́ orin, Ẹ̀mí ló ń fún wa lórin." Àwa náà gbà pé Ẹ̀mí ń fúnni lórin. Nígbà ìsọjí Àpọ́sítélì Ayọ̀ Babalọlá ní Iléṣà ní 1930, ọ̀pọ̀ orin jáde láti ẹnu àwọn èèyàn tí kò ka ìwé orin kankan. Ẹnì kan á lé e, àwọn yòókù á gbè é, àtẹ́wọ́ á dún. Ẹ gbọ́ orin àwọn Aládùúrà àtijọ́ dáadáa: ìró ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ìró orin náà sábà máa ń bá ara wọn mu. Kí nìdí? Nítorí inú Yorùbá ni wọ́n ti rò ó. Ohun tí Phillips kọ́ nínú ìwé, ìyá aládùúrà ti ń ṣe é láìmọ orúkọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn jà rárá.

Ibi tí ẹrù ti ń bà wá ni tòní. Orin Amẹ́ríkà tàbí Ọsirélíà á jáde lórí fóònù ní ọjọ́ Ẹtì. Ní alẹ́ Sátidé, ọmọ wa kan á ti tú u sí Yorùbá. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, a ti ń kọ ọ́. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ Yorùbá, kò sẹ́ni tó fi dò re mí wò ó. Ohun tí àwọn míṣọ́nnárì ṣe ní àwọn ọdún 1840 nítorí pé wọn kò mọ èdè wa, àwa tí a bí sínú èdè náà ló tún ń ṣe é. Àwọn èwe wa á wá sọ pé Yorùbá kò dùn ún kọrin, pé Gẹ̀ẹ́sì ló ń "yọ̀" lẹ́nu. Èdè kọ́ ló jẹ̀bi, ẹ̀yin ará. Ẹ̀wù ẹlẹ́wù ló há a láyà.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Ìwé Kíróníkà Kìíní orí 25 sọ pé àwọn akọrin Dáfídì tí a kọ́, tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, jẹ́ 288. Ní orí 15, Kenaniah ló ń kọ́ni lórin nítorí pé ó mọ̀ ọ́n. Bíbélì kò sọ iye owó tí háàpù wọn jẹ́. Ó sọ iye ènìyàn tí wọ́n kọ́.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa kò le. Kí ẹ tó fi orin tuntun lé ìjọ lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ẹ fi dò re mí sí i. Ẹ wá wo orin náà: ṣé ó ń tẹ̀ lé e? Níbi tí kò bá ti tẹ̀ lé e, ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀, tàbí ẹ yí ohùn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ fún ẹnì kan tí kò gbọ́ ọ rí, kí ó sì sọ fún yín ohun tó gbọ́. Bí ó bá gbọ́ nǹkan míì, ẹ padà sí iṣẹ́. Àti pé ẹ má gbàgbé èdè Ìkálẹ̀ tiwa. Òun náà ní ohùn tirẹ̀, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ wa lè fi yin Olúwa láìtijú.

Ní ìjọ tiwa, ọ̀rọ̀ owó ìkórè ọdún yìí kò tíì yanjú. Àwọn alàgbà kan fẹ́ gbohùngbohùn, wọ́n sì ní ìdí, nítorí èyí tó wà ń hó bí ìkòkò ẹ̀bà. Àwa ní tiwa gbé e kalẹ̀ níwájú wọn pé kí ìdajì owó náà lọ fún olùkọ́ orin tí á máa wá ní gbogbo Sátidé, fún ọdún mẹ́ta, kí ó kọ́ ọmọ méjìlá ní sólífà àti bí a ṣe ń ṣe orin Yorùbá. Ọdún mẹ́ta gùn lójú àwọn kan. Ọ̀kan nínú wọn bi wá pé bí àwọn ọmọ bá kọ́ ọ tán tí wọ́n sá lọ sí Èkó ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn wa ni pé Ṣówándé náà lọ, Bánkọ́lé náà lọ, orin wọn sì padà wá sílé. Gbohùngbohùn tó bá bàjẹ́ kì í padà wá. Ọjọ́ Rú yìí la máa tún jókòó lórí rẹ̀. Ẹ fi wá sínú àdúrà.

Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa ní Òkìtìpupa, Igbókọ̀dá, Oǹdó àti níbi gbogbo, ẹ ronú sí i. Bí olùkọ́ orin bá wà ní àdúgbò yín tó mọ iṣẹ́ yìí, ẹ má jẹ́ kí ó máa fi ebi kọ́ni. Bí àgbàlagbà kan bá ṣì wà tó mọ orin ìjọ àtijọ́ ní èdè Ìkálẹ̀, ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù yín kí ó tó pẹ́ jù. Ẹ kọ orúkọ ìlú yín àti ohun tí ìjọ yín ń ṣe sábẹ́ ibí, a máa kà á. Ẹ sì bá wa fi ránṣẹ́ sí àwọn olórí akọrin.

Olúwa á jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dún ketekete láàárín wa. Àmín.